Ilé Kejì Lyle Tó Wà Lórí Yìnyín

Ẹjọ́ kan wọ ààfin wa lánàá, ẹjọ́ tọkọtaya, ó sì dùn ju gbogbo èyí tí a ti ń gbọ́ láti ìgbà tí adágún ti dì di yìnyín. Gbọ̀ngàn ìlú là ń pè ní ààfin níbí, ní Minnesota, Verna Kolstad olórí ìlú ló sì ń jókòó lórí àga ńlá, pẹ̀lú ife kọfí rẹ̀ àti àwọn ìgbìmọ̀.

Ardis Tollefson ló pe Lyle, ọkọ rẹ̀, lẹ́jọ́. Ó ní Lyle yáwó ní báńkì, ó fi ra ahéré ìpẹja tí wọ́n ń wọ́ lọ sórí yìnyín láti gba ihò ilẹ̀ rẹ̀ pẹja, ahéré náà ló sì fi ṣe ìdúró fún owó náà. Ìyẹn ò dun òun. Ohun tó dun òun ni pé Lyle fẹ́ pè é ní ilé kejì wọn, kí wọ́n lè tìtorí èlé báńkì dín owó orí wọn kù bí òfin ṣe gbà fún onílé, ó sì fẹ́ kí òun bá a fọwọ́ sí ìwé owó orí náà.

"Ìyá Ìlú, bí mo bá fọwọ́ sí irọ́ yẹn, a jọ máa ṣẹ̀wọ̀n ni. Lyle ń hanrun. Ẹ̀wọ̀n yẹn á ti pọ̀ jù."

Lyle tún fìlà dé. Ó ní òfin sọ pé ibi tó bá ti ní ibùsùn, ibi ìdáná àti ibi ìyàgbẹ́, ilé ni. Ọkọ̀ ojú omi pàápàá ń jẹ́ ilé.

"Tèmi ní gbogbo ẹ̀. Ihò tún wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ibẹ̀ tí oúnjẹ ń gbà wọlé fúnra ẹ̀. Ilé Ardis ò ní ìyẹn."

Verna ní òótọ́ lòfin tó kà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fi ilé kejì háyà fún àlejò, bí Lyle ṣe ń ṣe, gbọ́dọ̀ máa gbé ibẹ̀ díẹ̀ fúnra rẹ̀. Lyle bá pe Orrin, ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń pẹja. Orrin búra pé gbogbo Sátidé làwọn méjèèjì ń sùn níbẹ̀.

"Àwọn àlejò láti Iowa tó ń háyà ẹ̀ ní gbogbo Sátidé ńkọ́?" Ardis bi í. "Ibo ni wọ́n ń sùn?"

"Ibẹ̀ náà ni."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

Orrin wolẹ̀. "Ìyàwó wa, ṣebí ọ̀dọ̀ yín la máa ń wà. Ẹ̀yin lẹ̀ ń fún wa lóúnjẹ."

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Verna béèrè ibi ìyàgbẹ́. Orrin ní garawa ni. Wọ́n ní kí ló wà nínú garawa náà, ó ní ẹja wẹ́wẹ́ táwọn fi ń ṣe ìdẹ.

"Bí ìgbẹ́ bá wá gbọ̀n yín ńkọ́?"

"A máa ń sáré lọ sílé Ardis ni, Mà."

Verna mu kọfí rẹ̀ tán pátápátá kó tó sọ̀rọ̀.

"Lyle, ilé ni. Mo gbà." Lyle rẹ́rìn-ín sí ìyàwó rẹ̀. "Nítorí náà, lálẹ́ òní ni o máa kó lọ síbẹ̀. Orrin náà á bá ẹ lọ, torí ó ti búra. Ẹ ò gbọdọ̀ dé ilé Ardis, ẹ ò gbọdọ̀ jẹ oúnjẹ ẹ̀, títí yìnyín á fi yọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, Ardis á fọwọ́ sí ìwé náà."

"Ìyá Ìlú, yìnyín ti ń sán báyìí o."

"Tún un ṣe. Ṣebí ìwọ ni onílé."

Lyle ní kí wọ́n fún òun ní bírò, kí òun fagi lé ọ̀rọ̀ ilé kejì yìí. Orrin ti na tirẹ̀ sí i kó tó sọ̀rọ̀ tán. Ardis ti dìde ní tirẹ̀, ó ń wọ kóòtù. Ó ní ọ̀dùnkún òun wà nínú ààrò, ẹni tó bá mọ ilé rẹ̀ kó máa bọ̀.