Tíṣà Tó Fi Iyọ̀ Bomi Rin Ẹ̀fọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, kò sí ohun tí Tíṣà Ṣàkírù ará Ìbà kò mọ̀, àfi bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Lọ́dún 1954 tó ti kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ dé, kò lè mu omi lásán kó má ṣàlàyé bí omi náà ṣe ń wọnú ara.

Fàúsátù ló fẹ́ fẹ́, ọmọ Ìyá Àríkẹ́ ẹlẹ́ja ní Ọ̀jọ́. Nígbà tí Ìyá ń lọ ra ẹja ní Àgbádárìgì fún ọjọ́ mẹ́rin, ó ní kí Ṣàkírù máa bá òun bomi rin tẹ̀tẹ̀ òun, torí ẹ̀ẹ̀rùn ti mú.

Lọ́jọ́ kìíní, Ṣàkírù pọnmi lódò lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọrùn ń dùn ún. Lọ́jọ́ kejì, ó pe Fàúsátù.

"Ṣé o mọ̀ pé yàrá kéékèèké ni ara gbogbo ohun alààyè, tí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì bo ọ̀kọ̀ọ̀kan? Omi ń gba ara awọ yẹn kọjá. Ibi tí iyọ̀ bá pọ̀ sí ló ń lọ. Bí a bá da iyọ̀ sídìí ẹ̀fọ́, omi á máa rọ́ wá fúnra rẹ̀. Ta ló tún ń pọnmi?"

"Tíṣà, ẹ ò ní kọ́kọ́ dán an wò nídìí ẹyọ kan?"

"Ìmọ̀ kì í bẹ̀rù."

Ó gbé àpò iyọ̀ tí Ìyá máa ń fi sí ẹja kó má bàjẹ́, ó dà á tán sórí gbogbo ebè, ó sì lọ nà gbalaja sábẹ́ igi. Nígbà tó di ọ̀sán, ewé tẹrí ba.

"Wọ́n ń kí omi tó ń bọ̀," ni Ṣàkírù wí.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, wọ́n ti dọ̀bálẹ̀ pátápátá. Aládùúgbò méjì wá wò ó, wọ́n mi orí, wọ́n lọ.

Ìyá dé. Ó fi ìka kan ilẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ó wo àpò tó ṣófo.

Ṣàkírù wà lórí ìdọ̀bálẹ̀. "Ìyá, ìwé ló sọ pé omi ń tọ iyọ̀ lọ."

"Ìwé ò purọ́. Ogún ọdún ni mo ti ń fi iyọ̀ fa omi jáde lára ẹja. Inú ẹ̀fọ́ mi lomi ti jáde, ọmọ mi."

Bí ọmọdé bá níwèé bí àgbà, kò lè mọ iyọ̀ bí ẹlẹ́ja.

Ogójì gárawá omi ni Ṣàkírù fi orí rù láti fọ iyọ̀ kúrò nínú ilẹ̀ náà. Nígbà tó parí, ó rọra béèrè: "Ìyá, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó wa ńkọ́?"

Fàúsátù ń wo ẹ̀gbẹ́ kan, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ lè fẹ́ra yín," ni Ìyá wí. "Ṣùgbọ́n Fàúsátù, má jẹ́ kó sún mọ́ ìkòkò ọbẹ̀."