Bí Lásún Ọmọ Ògúnrìndé Ṣe Gba Àmín Lẹ́nu Ọmọge Aláìfọhùn

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó, ẹ jókòó dáadáa. Ẹ̀yin tí ẹ dúró, ẹ fara ti ògiri, nítorí ìtàn akọni ni mo gbé dé, akọni kì í sì í pọ̀ lóde òní.

Lásún! Lásún Àkàngbé, ọmọ Ògúnrìndé! Ọmọ akin tó fi igi ìdáná lé ewúrẹ́ láti Òkè-Àdó dé Mọ́lété, tí kò bá a, ṣùgbọ́n tí ewúrẹ́ náà mọ̀ dájú pé wọ́n lé òun! Ọmọ Sùnmọ́nù abúramúramù, tó bá àkùkọ aládùúgbò jà nítorí oorun àárọ̀, tí àkùkọ sì ń kọ títí di òní olónìí! Ìran wọn kì í sá lójú ogun. Bí ẹ bá rí i tí wọ́n ń sáré, ilé ni wọ́n fẹ́ lọ mú nǹkan. Ẹni bíni là á jọ.

Lọ́sàn-án Sátidé, ohùn Lásún ni gbogbo Ìbàdàn máa ń gbọ́ lórí rédíò, nínú ètò tó ń sọ̀rọ̀ nípa aṣọ àti oge. Gbogbo Ìbàdàn tí mo wí yìí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀: àwọn aránṣọ, àwọn onídìrí, àti àwọn aláìsàn tí kò lè dìde lọ yí rédíò síbòmíràn. Lásún fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀, á wá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ á fi dé.

Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tí à ń wí yìí, ẹ̀rín ti tán lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀, Ìyáàfin Ẹ̀bùnlọlá, obìnrin tí kì í pariwo tí gbogbo ilé iṣẹ́ rédíò sì ń bẹ̀rù, pè é sínú ọ́fíìsì.

"Lásún, ohùn tìẹ nìkan ti sú àwọn èèyàn. Bó o bá dé ibi Ọ̀sẹ̀ Oge l'Ékòó, níbi tí wọ́n ti ń fi aṣọ tuntun hàn, ohùn ẹni tó wọ aṣọ tuntun yẹn sọ́rùn gan-an ni mo fẹ́ gbọ́. Bí mi ò bá gbọ́ ọ kí wọ́n tó parí, orin la ó máa fi sí àsìkò ètò rẹ."

"Kò sí wàhálà, mà," ni Lásún wí. Irọ́ ni. Wàhálà wà. Ètò yẹn nìkan ni ohun tó dá a lójú pé òun mọ̀ ọ́n ṣe láyé yìí, ẹ̀rù sì bà á débi pé kò lè jẹun alẹ́ rẹ̀ tán.

Báyìí ni ọmọ Ògúnrìndé ṣe gbé agbádá wọ̀, ó gbọ̀nà Èkó, ó wọ gbọ̀ngàn ńlá kan létí ọ̀sà, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle gígùn tí àwọn ọmọge ń gba orí rẹ̀ fi aṣọ hàn, gbohùngbohùn lọ́wọ́, ẹ̀rọ kékeré tí ohùn ọ̀gá rẹ̀ ń gbà wọlé láti Ìbàdàn létí. Ẹ̀ṣọ́ kan sì wá kìlọ̀ fún un pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá àwọn tó ń fi aṣọ hàn dúró. Àwọn náà, wọ́n ti pàṣẹ fún wọn pé wọn ò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín, wọn ò gbọdọ̀ wo ọ̀tún wo òsì, wọn ò sì gbọdọ̀ fọhùn. Ẹ ò rí i pé ogun ti dé?

Bẹ́ẹ̀, ẹ ò tíì mọ bí wọ́n ṣe tọ́ Lásún. Ní agboolé wọn, bí o bá rí aṣọ tuntun lára èèyàn, tí o kò sọ pé "Ẹ̀mí á lò ó o", ìyá àgbà á ní inú rẹ ò mọ́. Bí ẹni tó wọ aṣọ kò bá sì ṣe àmín, wọ́n á ní àdúrà ti bọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ọmọge àkọ́kọ́ yọ, tó wọ ẹ̀wù tí èjìká rẹ̀ fẹ̀ tó ilẹ̀kùn, Lásún kò mọ ìgbà tó dìde.

"Ẹ kú ìmúra o! Ẹ̀mí á lò ó o!"

Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú sí i. Ọmọge kọjá lọ fee, kò tilẹ̀ ṣẹ́jú.

"Ẹ̀yin ará Ìbàdàn," ni Lásún sọ sínú gbohùngbohùn, "ẹni tó ń bọ̀ yìí wọ ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ kan. Ẹsẹ̀ kejì wà, aṣọ ni ò dé ibẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé aṣọ ò tó ni, ṣùgbọ́n wọ́n ń pàtẹ́wọ́, a jẹ́ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ẹ̀mí á lò ó o! Kò dáhùn. Ọmọkùnrin kan ló tún dé yìí, ẹní ni wọ́n fi rán ẹ̀wù rẹ̀. Ibi tí ilẹ̀ bá ṣú u sí, ó lè sùn síbẹ̀. Ẹ̀mí á lò ó o, àbúrò! Òun náà ò dáhùn. Èyí, àdìrẹ ni, ó rẹwà, àfi pé ẹ̀yìn ni wọ́n rán àpò sí. Ará Ìbàdàn, ẹ má wọ̀ ọ́ lọ sí Dùgbẹ̀."

Ó gbé agbádá sí èjìká ọ̀tún, ó gbé e sí tòsì. Ó fi ohùn rírẹlẹ̀ kí wọn, ó fi ohùn gíga kí wọn. Ó ṣàdúrà bí àlùfáà, ó ṣàdúrà bí ìyá ọkọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìyàwó wálé fún, kò sí ẹni tó ṣe àmín. Ọkùnrin tó wọ awò ojú dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pòṣé. Ẹ̀ṣọ́ tún dé: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó." Ohùn ọ̀gá sì ń dún létí rẹ̀: "Lásún, tìẹ nìkan ni mo ṣì ń gbọ́ o."

Lásún wo ara rẹ̀, àgbàlagbà tó ń tọrọ àmín bí ẹni ń tọrọ iyọ̀ kiri ilé. Ẹ̀rín ara rẹ̀ pa á. "Lásún, ìwọ náà," ni ó wí, "ewúrẹ́ baba ńlá rẹ lo tún wá ń lé."

Ìgbà náà ni aṣọ ìkẹyìn jáde: òfì funfun tó ń wọ́ nílẹ̀ gbọọrọ, tí gbogbo èèyàn dákẹ́ wò. Lásún ti la ẹnu láti fi gbogbo agbára kígbe, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kan ẹsẹ̀ ọmọge tó wọ̀ ọ́. Bàtà gíga ti bó o ní gìgísẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń yọ. Ojú rẹ̀ le koko, síbẹ̀ omi wà níbẹ̀. Àánú ṣe Lásún. Ó gbàgbé rédíò, gbohùngbohùn sì wà ní títàn lórí itan rẹ̀.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi," ni ó wí jẹ́jẹ́. "Bàtà yẹn há. Aṣọ yìí yẹ ẹ́. Ẹ̀mí ẹ á lò ó, ẹsẹ̀ ẹ yìí á gbé ẹ dé ibi ire."

Ọmọge náà rìn díẹ̀. Ó dúró. Ó yíjú.

"Àmín o, sà. Ẹ ṣé, sà."

Háà! Ilẹ̀ mì tìtì! Ó dáa, ilẹ̀ ò mì, mo ṣe àsọdùn; ṣùgbọ́n gbogbo gbọ̀ngàn, tí àmín ti há mọ́ lọ́fun láti ìbẹ̀rẹ̀, hó yèè: "Àmín!" Ẹni tó wọ awò ojú dúdú ló kígbe jù.

Ọ̀gá aránṣọ fúnra rẹ̀ jáde, Màdáàmù Ọláwùnmí, ìyá tó rán gbogbo aṣọ náà, ojú rẹ̀ dì bí ẹ̀kọ. Ọ̀dọ̀ Lásún ló lọ tààrà. Ẹ̀ṣọ́ ti ń káwọ́ aṣọ sókè láti gbé e jáde.

"Bàbá, gbogbo aṣọ lẹ ṣàdúrà fún. Èyí tí mo wọ̀ yìí ńkọ́?"

Lásún la ẹnu. Gbogbo igbe tó ti ké ti há a lóhùn pátápátá, ọ̀rọ̀ kò jáde. Ọmọge aláṣọ funfun, tó ti bọ́ bàtà sọ́wọ́, ló bá a dáhùn sínú gbohùngbohùn: "Ẹ̀mí yín á lò ó, mà." Màdáàmù ṣe àmín, ó bú sẹ́rìn-ín, àwọn yòókù rọ́ dé, kálukú ń sọ bí aṣọ tirẹ̀ ṣe há tó, bó ṣe ń yún un lára tó. Ìbàdàn gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Nítorí náà, kí Òkè-Àdó gbọ́, kí Mọ́lété gbọ́, kí ará oko fi tó èrò ọ̀nà létí: Lásún Àkàngbé, ọmọ Ògúnrìndé, jáde ogun lọ sí Èkó, ó ṣẹ́gun, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kó bọ̀ láti ojú ogun, ètò rẹ̀ kò sì kúrò lórí afẹ́fẹ́! Ìyáàfin Ẹ̀bùnlọlá fúnra rẹ̀ ló pè é láti kí i. Ó ní kó rọra máa tọ́jú ọ̀fun rẹ̀, kó má kánjú sọ̀rọ̀, nítorí láti ìgbà tí wọ́n ti dá ètò náà sílẹ̀, kò tíì dùn tó báyìí rí.