Aṣọ Òjò Tí Oyèkàńmi Wọ̀ Gun Òkè Agéré

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó yìí, ṣé ẹ mọ ohun tó gbé e dé ẹnu àwọn àgbà, tí wọ́n fi máa ń sọ pé aṣọ tí ò jẹ́ kí òjò wọlé, ò ní jẹ́ kí òógùn jáde? Ẹ ó sọ pé wọ́n kàn jókòó, wọ́n ronú, wọ́n sì sọ ọ́. Irọ́ ni. Ojú ẹnì kan ló rí i, ara ẹnì kan ló sì fi san án. Ẹ fara balẹ̀ kí n rò ó fún yín.

Ìlú kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìsàlẹ̀-Agéré. Ìdí òkè ló wà, òkè ọ̀hún sì ga débi pé tẹ́ ẹ bá gbójú sókè wò ó, fìlà yín á jábọ́. Orí òkè yẹn gan-an ni ìlú náà wà láyé ogun. Nígbà tí ayé rọ̀, gbogbo wọn kó ẹrù wá sílẹ̀, àfi ìyá àgbà kan, Màmá Òkè. Màmá ní òun ò rí ohun tí wọ́n ń sáré lọ mú nísàlẹ̀. Ó jókòó ti àwọn ewúrẹ́ ẹ̀ sókè níbẹ̀.

Ìdílé Màmá yìí wá ní àṣà kan. Ọkùnrin tó bá fẹ́ fẹ́ ọmọbìnrin ilé wọn, á gbé iyọ̀ lọ fún Màmá lórí òkè. Iyọ̀ náà gbọ́dọ̀ gbẹ. Aṣọ funfun ni wọ́n ń dì í sí, wọ́n á so ó mọ́ onítọ̀hún láyà lásán. Kò gbọdọ̀ fi ọ̀rá wé e, kò gbọdọ̀ kó o sínú agolo tàbí ike, torí àwọn baba ńlá ò ní agolo. Ìgbà òjò gan-an ni wọ́n sì máa ń ṣe é. Wọ́n ní ọkùnrin tó bá gbé iyọ̀ la òjò kọjá, á gbé ìyàwó la ọ̀ràn kọjá. Tí iyọ̀ bá yọ́ lọ́nà, ó di ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn.

Oyèkàńmi ti gbìyànjú ẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Òjò ká a mọ́ ìdajì ọ̀nà, iyọ̀ ẹ̀ sì di omi ọbẹ̀. Lọ́dún yìí, Adùnọlá, ọmọbìnrin tó ń torí ẹ̀ gun òkè, pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Oyè, mo fẹ́ràn ẹ. Ṣùgbọ́n tí iyọ̀ yẹn bá tún yọ́, mò ń bá àǹtí mi lọ sí Ìlọrin lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ. Mi ò lè máa dúró de ọkùnrin tí òjò ń gbà lọ́wọ́ mi lọ́dọọdún.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Oyèkàńmi lára. Ó fi sùn, ó fi jí. Ó ní ó parí, ẹ̀kán òjò kan báyìí ò ní fojú kan àyà òun lọ́dún yìí.

Iṣẹ́ fọkanáísà ni Oyèkàńmi ń ṣe, ó ń lẹ táyà níwájú gáréèjì. Ẹni tó ń lẹ táyà, ẹ mọ̀ pé kò sí nǹkan tó rí láyé tí kì í wá ihò ẹ̀. Ìyẹn ló kó bá a.

Ó gba ọ̀dọ̀ Ìyá Ṣàkírù lọ, ìyá tó ń ta òkìrìkà, aṣọ àlòkù, lẹ́yìn ọjà.

“Ìyá Ṣàkírù, aṣọ òjò ni mò ń wá o, èyí tí mo lè wọ̀ gun òkè. Èyí tó dáa, tí ò wọ́n.”

“Èwo nínú méjèèjì? Èyí tó dáa ni àbí èyí tí ò wọ́n?”

“Èyí tó jẹ́ méjèèjì.”

“Ìyẹn ò tíì dé. Jókòó dè é.”

Ṣùgbọ́n ìyá náà fẹ́ tajà, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú àpò. Ó kọ́kọ́ fa èyí táwọn ọlọ́kadà ń wọ̀ jáde. Ó nípọn, ó le, ó wúwo bí ilẹ̀kùn. Oyèkàńmi gbé e sí èjìká, orúnkún ẹ̀ yẹ̀.

“Ìyá, tí mo bá gbé aṣọ yìí gòkè, ta ni yóò wá gbé èmi?”

Ìyá mú òmíràn, ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan báyìí. Oyèkàńmi kàn na apá, ó ya.

“Èyí, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń wọ̀ ọ́,” ni Ìyá Ṣàkírù wí.

“Ìgbà wo?”

“Ìgbà tí òjò ò bá rọ̀.”

Ó wá bọwọ́ sí ìsàlẹ̀ àpò pátápátá, ó fa aṣọ aláwọ̀ aró kan jáde, tòkètilẹ̀ ni. Ó fúyẹ́, ó ń dán, ó ní ìborí. Ó ní àwọn òyìnbó tó ń gun òkè ló ń wọ irú ẹ̀. Oyèkàńmi da omi lé e, omi ń yí kúrò lára ẹ̀ bí omi ara ewé kókò. Inú ẹ̀ dùn. Àfìgbà tó gbé apá aṣọ sókè.

“Ihò wo nìyí lábẹ́ abíyá?”

Ìyá Ṣàkírù náà bẹ̀rẹ̀ wò ó. “Eku ni yóò jẹ́.”

“Eku jẹ ọ̀tún, ó tún jẹ òsì, méjèèjì wá dọ́gba?”

“Eku tó lọ ilé ìwé ni. Àbí kí lo rò pé kò jẹ́ kó wọ́n? Tí kò bá sí ihò yẹn, ìwọ kọ́ ni wàá rà á.”

Oyèkàńmi rẹ́rìn-ín sínú. Ihò? Òun, Oyèkàńmi, ni wọ́n ń fi ihò dẹ́rù bà? Ó ra aṣọ náà lọ́pọ̀, ó ká a mọ́ abẹ́ abíyá, ó forí lé ṣọ́ọ̀bù.

Bó ṣe débẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe tíúbù táyà ló ṣe aṣọ náà. Ó fi okùn di ọwọ́ ẹ̀, ó di ẹsẹ̀ ẹ̀, ó di ìbàdí àti ọrùn ẹ̀, ó fi ẹ̀rọ fẹ́ atẹ́gùn sí i títí ó fi dìde dúró bí èèyàn, ló bá rì í bọ inú àgbá omi. Omi ń hó pọ́lọ́-pọ́lọ́ lábẹ́ abíyá. Omi tún ń hó lẹ́yìn, níbi tí ihò wẹ́wẹ́ kan fara pa mọ́ sí lábẹ́ ìṣẹ́po aṣọ. Oyèkàńmi fi ẹfun sàmì síbẹ̀, ó fi irin họ ọ́, ó pa sólúṣọ̀n, gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ táyà, sí i, ó gé tíúbù àtijọ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ó sì fi òòlù lù ú. Kò fi ojú ihò kan sílẹ̀. Ó tún rì í bọmi, kẹ́kẹ́ pa. Ó bojú wò ó, orí ẹ̀ wú. Ó ní tí wọ́n bá fún aṣọ yìí ní rìǹmù, ó lè gbé ọkọ̀ dé Ìbàdàn.

Nígbà tí ọjọ́ pé, Bọ́lárìnwá, ẹ̀gbọ́n Adùnọlá, wá pẹ̀lú iyọ̀. Òun ni ẹbí ní kó tẹ̀ lé ọkọ ìyàwó gòkè, kó má baà ṣe màgòmágó. Ó so iyọ̀ mọ́ Oyèkàńmi láyà. Ìgbà tó wá rí aṣọ tí onítọ̀hún ń kó ara bọ̀, ó ní:

“Oyè, wọ́n ní kò gbọdọ̀ sí ọ̀rá ńbẹ̀ o.”

“Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní kí n má fi ọ̀rá wé iyọ̀. Ta ló ní kí n má fi wé ara mi?”

Bọ́lárìnwá rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. “Lóòótọ́, wọn ò dárúkọ ara ẹ.”

Ni Oyèkàńmi bá fi rọ́bà táyà di ọrùn ọwọ́ méjèèjì, ó di ìbàdí, ó di ọrùn. Ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà òjò tó ga dé orúnkún, ó fi rọ́bà di ìyẹn náà. Ojú àti imú nìkan ló kù. Ojú ọ̀run ṣú dùdù bí ìdí ìkòkò. Adùnọlá dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò rẹ́rìn-ín, kò sunkún. Ó kàn ń wò ó.

“Òjò dà?” ni Oyèkàńmi wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè.

Ẹ wá gbọ́ iṣẹ́ ayé. Wọn ò tíì rìn jìnnà tí afẹ́fẹ́ fi gbé gbogbo ìkùukùu yẹn lọ. Oòrùn yọ gànràn, àfi bí ẹni pé wọ́n rán an sí i.

“Oyè, òjò ti lọ. Tú aṣọ yẹn.”

“Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, ẹ̀gbọ́n. Ó fẹ́ kí n tú u ni. Tí mo bá tú u báyìí, á padà dé.”

“Ta ni?”

“Òjò.”

Ó ń lọ. Òógùn kọ́kọ́ yọ níwájú orí ẹ̀, ó wọ́ gba ọrùn, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rọ́nà. Ó gba ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú bàtà. Òógùn tó kù ń tẹ̀ lé e. Àpáta gbóná, inú aṣọ gbóná jù ú lọ. Nígbà tó yá, Oyèkàńmi dúró.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ gbọ́ nǹkan tí mò ń gbọ́? Bíi pé omi ń ṣàn.”

“Mo gbọ́. Bóyá odò ni.”

“Ṣé odò wà lórí òkè yìí ni?”

“Kò sí.”

Wọ́n tẹ́tí, wọn ò gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n tún gbẹ́sẹ̀, wọ̀ṣọ̀, wọ̀ṣọ̀. Wọ́n dúró, ó dákẹ́. Bọ́lárìnwá wo bàtà Oyèkàńmi.

Ooru inú aṣọ wá ń fẹ́ aṣọ náà. Ó ń wú díẹ̀díẹ̀ títí apá ẹ̀ méjèèjì fi yà gbàgà, kò ṣeé ká mọ́. Oyèkàńmi ń rìn bí ẹni tó gbé agbada kọ́ abíyá méjèèjì. Ibẹ̀ ni ọmọ ewúrẹ́ kan ti jáde láti ẹ̀yìn àpáta, ó gbóòórùn afẹ́fẹ́, ó wá lá orúnkún ẹ̀. Ojú rírán kan ti ń jò díẹ̀ níbẹ̀, iyọ̀ sì wà nínú ohun tó ń jò. Ọmọ ewúrẹ́ ké mẹ̀ẹ̀. Ìyá ẹ̀ jáde. Àǹtí ẹ̀ jáde. Kó tó di pé wọ́n yí kọ̀rọ̀ tó ń bọ̀, ewúrẹ́ ti kún ọ̀nà, gbogbo wọn ń lá Oyèkàńmi bí ẹni lá àwo.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi lé wọn, apá mi ò ká.”

Bọ́lárìnwá ti jókòó sílẹ̀, ó di ikùn mú, ó ń rẹ́rìn-ín. “Ewúrẹ́ àwọn àna ẹ ni. Mi ò lè lé ẹbí mi.”

Òbúkọ kan tó nírùngbọ̀n wá fò sókè, ó fi eyín bu ibi tí Oyèkàńmi lẹ̀ lábẹ́ abíyá. Oyèkàńmi ò dúró. Ó ń gòkè, òbúkọ rọ̀ mọ́ ọn. Ó tún gbẹ́sẹ̀, òbúkọ tún fà á. Lójijì, sólúṣọ̀n já. Atẹ́gùn ṣe fùùù, omi gbígbóná sì tú jáde sí òbúkọ lójú. Ó pajú dé, ó lá ètè, ló bá tún lanu dè é.

Báyìí ni wọ́n ṣe dé iwájú Màmá Òkè, tó ń pa ẹ̀gúsí.

“Ta ló ń kó ewúrẹ́ mi bọ̀ yẹn?”

“Èmi Oyèkàńmi ni, Màmá. Ẹ kú ìjókòó, ma.” Ó ní kóun dọ̀bálẹ̀, aṣọ tó kún fún omi ò ṣeé tẹ̀, ló bá ṣubú gbì bíi táyà ẹ̀yìn ọkọ̀. Ohun tó dà jáde nínú bàtà ẹ̀ gbé èèpo ẹ̀gúsí Màmá lọ.

Bọ́lárìnwá tú u sílẹ̀. Aṣọ funfun lẹ̀ mọ́ ọn láyà pẹ̀tẹ̀. Iyọ̀ ò sí nínú ẹ̀.

Màmá wo ojú ọ̀run, ó wo Bọ́lárìnwá tó gbẹ bí eérú. “Òjò ò kúkú rọ̀ lónìí.”

“Kò rọ̀, ma. Ká ní ó rọ̀ gan-an, aṣọ yìí ò ní jẹ́ kó wọlé.”

“Òógùn ńkọ́? Ọ̀nà wo lo là sílẹ̀ fún ìyẹn?”

Oyèkàńmi fọwọ́ kan ibi tó lẹ̀ lẹ́yìn aṣọ. Màmá mi orí. “Ọmọ mi, aṣọ tí ò jẹ́ kí òjò wọlé, ò ní jẹ́ kí òógùn jáde.”

“Màmá, iyọ̀ ti yọ́,” ni Bọ́lárìnwá wí. Àánú ṣe é, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n rán an nìyẹn. “Ó di ọdún tó ń bọ̀.”

Ìlọrin ló wá sí Oyèkàńmi lọ́kàn. Ó kù díẹ̀ kí omi ojú kún omi ara. Ṣùgbọ́n ó dìde. “Màmá, ẹ jẹ́ kí n sọ̀ kalẹ̀ lọ bu òmíràn. Màá tún gòkè. Tó bá tún yọ́, màá tún sọ̀. Mi ò lọ ilé láìgba ìyàwó mi.”

“Jókòó. Kí lo rò pé mò ń fi iyọ̀ yín ṣe?”

“Ẹ fi ń se ọbẹ̀ ni, ma.”

“Ọbẹ̀ wo? Gbogbo iyọ̀ tí àwọn ọkọ ọmọ ti ń gbé wá, ṣé òkun ni mò ń sè? Ewúrẹ́ ni mo fi ń pè. Tí mo bá gbọn iyọ̀ gbígbẹ ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ lọ́wọ́, wọ́n á wálé. Tó bá ti yọ́, kí ni màá gbọ̀n? Torí ẹ̀ ni mo ṣe ní kó gbẹ.” Ó nawọ́ sí onírùngbọ̀n tó ń lá bàtà Oyèkàńmi. “Wo òbúkọ yìí. Àtìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni mo ti ń pè é, ó kọ̀, kò wálé. Ìwọ lo mú un bọ̀. Bọ́lárìnwá, sọ fún wọn nísàlẹ̀ pé mo ti gba iyọ̀ mi. Kí wọ́n fún un níyàwó ẹ̀.”

“Màmá, ṣé kí n wí fún wọn pé ó gbẹ?”

“Wí fún wọn pé ó ṣiṣẹ́.”

Ìṣọ̀kalẹ̀ wọn ni òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rọ̀, ó rọ̀ bíi pé ó bínú. Ìró tí Màmá yá a nìkan ló wà nídìí Oyèkàńmi. Òjò pa á látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó sì ń kọrin lọ nínú ẹ̀.

Ó pẹ́ lẹ́yìn ìgbéyàwó kí bàbá olówó kan tó gbé táyà wá. Bàbá yìí ń ráhùn pé òun mọ odi yí ilé òun ká, òun ra ajá, òun ò jẹ́ kí ọkùnrin kankan yọjú sáwọn ọmọbìnrin òun, síbẹ̀ gbogbo wọn ti dàgbà mọ́ òun lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó wá fẹ́ wọn.

Oyèkàńmi ò gbójú sókè nídìí táyà. “Bàbá, aṣọ tí ò jẹ́ kí òjò wọlé, ò ní jẹ́ kí òógùn jáde.”

“Kí ló kan aṣọ nínú ọ̀rọ̀ yìí?”

“Ẹ wọ̀ ọ́ gun òkè ná, bàbá. Ẹ ó mọ̀.”