Àdúrà Dípò Fírídọ̀ọ̀mù

Àná ni ẹjọ́ kan wọ ààfin Baálẹ̀ Làtífù ní Okokomaiko. Mo wà níbẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ dídùn sọ, bó ṣe lọ ni màá sọ.

Dámilárá ló pẹjọ́. Ó kọ́ṣẹ́ télọ̀ lọ́dọ̀ Ìyá Àánú ní Ajangbadi. Ìyá Ìjọ ni wọ́n ń pe Ìyá Àánú ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wọn, ẹnu rẹ̀ sì dùn ju rédíò lọ.

"Kí ni wọ́n ṣe fún ẹ, ọmọ mi?" Baálẹ̀ bi Dámilárá.

"Bàbá, ọdún mẹ́ta la kọ sínú ìwé àdéhùn. Mo ti lo ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́jọ. Wọn ò ṣe fírídọ̀ọ̀mù fún mi. Sàtífíkéètì rèé lọ́wọ́ mi, ìbuwọ́lù wọn ló kù. Láìsí i, ẹgbẹ́ télọ̀ ò ní jẹ́ kí n ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mo ti rí ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìyànà Ìbà. Bó bá di ọ̀la, onílé máa fún ẹlòmíì."

"Ìyá Ìjọ, ṣé òótọ́ ni?"

Ìyá Àánú dìde, ó tún ìró ró. "Àlàáfíà Olúwa kó wà nínú ilé yìí. Ìfẹ́ ni mo fi di ọmọ yìí mú. Àràárọ̀ ni mò ń gbàdúrà fún un. Ẹ̀mí ló ní kí n má tíì tú u sílẹ̀."

"Ó sọ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa tú u sílẹ̀?"

"Kò tíì sọ. Ó ní kó ṣì máa bá mi gbọ́mọ, kó máa bá mi fọṣọ, kó máa bá mi lọ sọ́jà."

"Ẹ̀mí yẹn mà mọṣẹ́ ilé o!" Ọ̀tún Ṣọlágbadé, ìjòyè tó jókòó ti Baálẹ̀, dá sí i. "Kò sọ ti aṣọ rírán rárá?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

"Kò tíì mọṣẹ́ ni!" Ìyá Àánú pariwo. "Mo ní ẹlẹ́rìí. Wòlíì Dúrósinmí!"

Wòlíì bọ́ síwájú nínú sùtánà tuntun tó bá a lára mu bí awọ. "Bàbá, ọmọ yẹn ò lè rán kọ́là kó jókòó."

"Ta ló rán èyí tẹ́ ẹ wọ̀?" Baálẹ̀ bi í.

"Ìyá Ìjọ ni."

"Irọ́!" Ìbíyẹmí, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tiwọn, figbe ta. "Ìyá Ìjọ tí wọn ò fọwọ́ kan máṣíìnì láti èṣí? Iwájú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń jókòó sí, tí wọ́n ń wàásù fún àwọn tó ń kọjá. Dámilárá ló rán an. Èmi ni mo yá a ní áyọ́ọ̀nù tó fi lọ̀ ọ́!"

Wòlíì wo òkè àjà. "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Ta ló wọ̀n yín?"

"Dámilárá."

"Ta ló gé e?"

"Dámilárá."

"Kí wá ni Ìyá Ìjọ ṣe?"

"Wọ́n gbàdúrà sí i."

Baálẹ̀ nu ojú. "Ìyá Ìjọ, Mùsùlùmí ni mí. Ṣé kò síbi tí Bíbélì yín ti ní kẹ́ ẹ ṣòdodo sí ọmọnìkejì yín?"

"Ó wà níbẹ̀! Míkà orí kẹfà, ẹsẹ kẹjọ. Òun ni mo wàásù lé lórí ní Sọ́ńdè."

"Ta ló wà nílé tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tẹ́ ẹ ń wàásù?"

"Dámilárá. Ó ń fọṣọ mi."

Ó ti sọ ọ́ tán kó tó gbọ́ ohun tó sọ.

Baálẹ̀ àti Ọ̀tún forí korí díẹ̀, Baálẹ̀ sì dájọ́.

"Mi ò rí ibi tí Ẹ̀mí ti buwọ́ lu ìwé àdéhùn yín. Ẹ buwọ́ lu sàtífíkéètì ọmọ yìí báyìí, níwájú mi. Ní Sátidé, ẹ ṣe fírídọ̀ọ̀mù rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa se ìrẹsì, ẹ̀yin náà lẹ máa fọ abọ́. Oṣù mẹ́jọ lẹ fi ọ̀rọ̀ ẹnu di ọmọ ọlọ́mọ mú, nítorí náà, oṣù mẹ́jọ lẹ ò ní wàásù, ẹ ò ní jẹ́rìí, ẹ ò ní ríran. 'Àmín' nìkan lẹ lè sọ. Bí Ẹ̀mí bá gbé yín, kó gbé yín lọ sídìí máṣíìnì!"

Ìyá Àánú buwọ́ lù ú.

Dámilárá kúnlẹ̀ níwájú ọ̀gá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ tó gbẹ̀kọ́. "Ẹ ṣé gan-an, mà. Ẹ súre fún mi."

Ìyá Àánú gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó fa èémí gígùn. Baálẹ̀ wò ó. Ọ̀tún wò ó. Gbogbo wa wò ó.

"Àmín," ó ní.

Dámilárá dìde, ó gbá sàtífíkéètì mọ́yà, ó sì sáré lọ wọ kẹ̀kẹ́ tó ń lọ sí Ìyànà Ìbà.