Rọ́bà Orí Itan Bàbá Fúnmi

Ọjọ́ kan wà tí mo ti bẹ̀ títí pé kó kúrò lọ́kàn mi, ó kọ̀ jálẹ̀. Ọ̀wọ̀ ni mo wà nígbà náà, ní nǹkan bí ọdún 1981, mò ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù kékeré kan. Iṣẹ́ mi kò ju pé kí n fọ aṣọ tí àwọn dókítà ń wọ̀ ní tíátà, ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ abẹ, kí n lọ̀ ọ́, kí n ká a. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Fúnmi, ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fi ṣaya, mú mi lọ kí bàbá rẹ̀ ní Ìdáṣẹn, tí bàbá náà bi mí ní iṣẹ́ tí mò ń ṣe, ẹnu mi ló ṣáájú mi. Mo ní, “Tíátà ni mo wà, sà.” Irọ́ kọ́ kúkú ni, àbí? Ṣebí inú tíátà ni aṣọ náà ń lọ. Inú Bàbá dùn, ó ní Àkókó tí mo ti wá mà ń bí ọmọ gidi.

Kò ju oṣù mẹ́ta lọ tí Bàbá já bọ́ láti orí igi obì. Iṣan tó di orúnkún rẹ̀ mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ já, débi pé ẹsẹ̀ ọ̀tún ń yẹ̀ bó bá ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Dókítà eegun kan máa ń ti Ìbàdàn wá sí ọsibítù wa lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Òun ló ní òun á rán iṣan náà pọ̀. Bàbá gbà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ní: “Àna mi tó wà ní tíátà ò gbọdọ̀ kúrò lọ́dọ̀ mi o.”

Àyà mi já. Èmi tí n kò lè wo adìẹ tí wọ́n ń pa! Mo lọ bá Sísítà tó jẹ́ ọ̀gá tíátà, mo rò pé yóò lé mi dànù, kí n rí ohun wí. Àṣé nọ́ọ̀sì tó máa ń bá wọn wo aago ni ibà dá dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Dókítà bojú wò mí, ó bi Sísítà pé, “Ṣé ó lè wo aago?”

“Ó lè wò ó, sà.”

“Kó fọwọ́, kó wọlé.”

Wọ́n gún Bàbá ní abẹ́rẹ́ ní ọ̀pá ẹ̀yìn. Láti ìbàdí rẹ̀ lọ sísàlẹ̀ kú, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ là, ó ń sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn ta aṣọ kan sáàárín kó má baà rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni. Dókítà wé rọ́bà fífẹ̀ kan mọ́ itan rẹ̀, ó fún un pinpin.

“Gbọ́ mi dáadáa,” ó ní. “Ẹ̀jẹ̀ ò ní kọjá rọ́bà yìí, kí n lè rí ohun tí mò ń ṣe. Ṣùgbọ́n tó bá pẹ́ jù, ẹsẹ̀ á kú. Máa pe aago fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tó bá ti pé wákàtí kan, pariwo.”

Sísítà na ṣọ́ọ̀kì sí mi pé kí n kọ ọ́ sára pátákó, ìgbà tí wọ́n so rọ́bà. Mo wo aago, mo fi ṣọ́ọ̀kì sápò. Kí ni mo fẹ́ kọ? Ṣebí orí mi pé.

Mo pe mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́ ketekete, ohùn mi dún bí ti ọ̀gá ilé ìwé. Lẹ́yìn náà ni mo ṣèèṣì wo ibi tí dókítà ń wò. Orúnkún ti là sílẹ̀, eegun inú rẹ̀ funfun báláú. Mo dijú. Aago yẹn sì wà lára ògiri lọ́ọ̀ọ́kán ẹsẹ̀ náà gan-an; n kò lè wo ọ̀kan kí n má rí èkejì. Ni mo bá ń ka ìṣẹ́jú nínú ikùn mi, mo ń kà, mo ń gbàdúrà, títí mo fi da iye rẹ̀ pọ̀ mọ́ Sáàmù.

“Ọmọ mi,” Bàbá pè mí láti ẹ̀yìn aṣọ, “kí ni wọ́n ń ṣe báyìí?”

“Wọ́n ń ṣe é dáadáa, sà.” Ojú mi ṣì dì pa.

“Ọkàn mi balẹ̀ nítorí pé o wà níbẹ̀.”

Ẹ má bi mí bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe gún mi tó. Mo pe ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nígbà tó wù mí.

Nígbà tó yá, ẹ̀rù mìíràn dé tó ju ti ẹ̀jẹ̀ lọ. Mo la ojú kan. Aago mẹ́wàá ti kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìgbà wo la wá so rọ́bà? Ṣé aago mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú ni, àbí aago mẹ́sàn-án ku ogún? Mo wo pátákó, ó dúdú lásán. Bó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, wákàtí kan pé. Bó bá jẹ́ ti èkejì, ẹsẹ̀ Bàbá ti ń kú lọ níṣojú mi. Mo wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ tó yọ lábẹ́ aṣọ, ó funfun bí ẹ̀kọ tútù.

Dókítà kò mọ nǹkan kan. Ó ti rán iṣan tán, ó ń ká orúnkún, ó ń nà án, ó ń fi àtàǹpàkò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìfà ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dọ́gba. “Ẹ̀gbẹ́ ìta le ju ti inú lọ,” ó ní. “Bí mo bá fi í sílẹ̀ báyìí, yóò máa tiro. N ó tú u, n ó tún un rán. Aago ńkọ́?”

Bí mo bá sọ òótọ́, Fúnmi lọ. Bí mo bá purọ́, ẹsẹ̀ lọ. Òógùn ń ṣàn wọ bàtà mi.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà,” mo ní, “n kò mọ̀. Mo dijú ni.”

Kíá ni dókítà tú rọ́bà. Ẹ̀jẹ̀ dà, wọ́n ń fi aṣọ tí èmi fúnra mi fọ̀ tẹ̀ ẹ́. “Jáde!” Mo fẹ̀yìn rìn, ìdí mi gbá tábìlì irin, tọ̀bẹ tàlùmọ́gàjí fọ́n sílẹ̀ gbàràmù, àfi ìgbà tí wọ́n lọ mú òmíràn tí wọ́n ti sè. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà tí mo gbọ́ ohùn Bàbá.

“Ṣé ẹni tó wà ní tíátà nìyẹn?”

“Aṣọ ló ń bá wa fọ̀, Bàbá,” ni Sísítà dá a lóhùn.

Wọ́n jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ wọ ẹsẹ̀ náà fúngbà díẹ̀, wọ́n tún rọ́bà so, wọ́n parí iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé Bàbá dé wọ́ọ̀dù, dókítà ní bí agbára abẹ́rẹ́ bá ti lọ, ó yẹ kó máa gbọ́ ọ lára bí a bá fọwọ́ kan ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí kò bá gbọ́ títí di ìrọ̀lẹ́, kí a tètè pe òun. Mo jókòó ti ẹsẹ̀ náà láti ọ̀sán, Fúnmi dúró ti bàbá rẹ̀ níbi orí bẹ́ẹ̀dì. Mo já a léèékánná, mo tẹ̀ ẹ́, mo ra á.

“Ṣé ẹ gbọ́ ọ, sà?”

“Rárá.”

Aago mẹ́ta, rárá. Aago mẹ́rin, rárá. Bàbá bá Fúnmi sọ èdè Ọ̀wọ̀ tí n kò gbọ́ tán, ni Fúnmi bá kọjú sógiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹkún ọmọ yẹn fọ́ mi lọ́kàn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí símẹ́ńtì. Mo ní mo purọ́, alágbàfọ̀ lásán ni mí, bí ẹsẹ̀ náà bá sì kú, èmi ni n ó máa gun igi obì fún un títí ayé, èmi tí òòyì ń kọ́ lórí àga.

Ibi tí mo dọ̀bálẹ̀ sí ni mo wà tí eṣinṣin kan bà lé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ náà. Àtàǹpàkò mira, eṣinṣin fò. Ó tún bà, àtàǹpàkò tún mira.

“Bàbá!”

“Láti aago méjì ni mo ti ń gbọ́ ọ,” Bàbá ní, ara rẹ̀ balẹ̀. “Èmi náà dùbúlẹ̀ sẹ́yìn aṣọ láàárọ̀, tí n kò mọ ohun tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ mi ṣe, ìwọ ni mo gbẹ́kẹ̀ lé. Mo ní kí ìwọ náà tọ́ ọ wò.”

Fúnmi yíjú padà. Ẹ̀rín ló ti ń pa á láti ọ̀sán.

Bàbá padà rìn, kò tiro, mo sì fẹ́ Fúnmi. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kí n tètè máa sọ “n kò mọ̀” kó tó di pé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ló máa jìyà rẹ̀. Títí di òní, bí wọ́n bá sọ ìtàn yìí nílé wa, gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín títí, èmi náà á bá wọn rẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín tèmi kì í pẹ́, nítorí mo mọ bí ì bá ti rí ká ní mo dákẹ́ díẹ̀ sí i.