Bí Gìtá Tísà Oyèkànmí Ṣe Kọjá Ẹ̀fà

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń sọ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ? Mo mọ̀ pé ẹnìkan nínú yín yóò sọ pé òwe náà ti wà kí iná mànàmáná tó dé ilẹ̀ wa. Mo ti gbọ́ àtakò yẹn, mo sì ti gbé e yẹ̀ wò. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ to ẹ̀rí mi kalẹ̀.

Tísà Oyèkànmí ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò nílùú Agbéyangí. Ọdún mọ́kànlá ló fi wá ampilifáyà gìtá, ẹ̀rọ tó ń sọ ohùn gìtá di ńlá, irú ti àtijọ́ tó ń fi gílóòbù ṣiṣẹ́, kí ó tó rí ọ̀kan lọ́wọ́ olórin kan tó ti fẹ̀yìn tì n'Íbàdàn. Alùpùpù rẹ̀ ló tà láti fi rà á. Gílóòbù mẹ́rin ló wà lẹ́yìn ẹ̀rọ náà. Bí wọ́n bá gbóná tán, wọ́n á pọ́n bí ẹ̀yinná. Ohùn rẹ̀ kò sì jẹ́ ọ̀kan. Bí wọ́n bá yí bọ́tìnì ohùn rẹ̀ sí èjì, á sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ìyálọ́mọ tó ń rẹ ọmọ sùn. Ní ẹ̀rin, á dùn bí oyin. Ní ẹ̀fà, ohùn rẹ̀ á há díẹ̀, bí àgbàlagbà tó ń húkọ́ kí wọ́n lè mọ̀ pé òun ti wọlé. Bọ́tìnì ohùn náà kà dé ẹ̀wá.

Kí ó tó dán an wò nílùú, ó lọ tọrọ àyè lọ́dọ̀ Baálẹ̀.

"Dán an wò dé ẹ̀fà," ni Baálẹ̀ wí. "Kí ló tiẹ̀ wà lẹ́yìn ẹ̀fà?"

"Èje ni, Bàbá. Ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní mọ̀ ọ́n."

"Kò ju èje lọ?"

"Bí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà bá ju èje lọ, kí ẹ gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ mi!"

Baálẹ̀ ní ó dáa, kó dé èje. Ìjòyè méjì ṣe ẹlẹ́rìí.

Lọ́jọ́ kejì, ní ọ̀sán gangan tí kò ní iṣẹ́ ní kíláàsì, Tísà gbé ẹ̀rọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó mú ìwé àti pẹ́ńsù, ó sì ní kí ìyàwó rẹ̀, Àrìnpé, máa fi ẹ̀yìn rìn lọ títí tí kò fi ní gbọ́ gìtá mọ́. Ní oókan, ìṣísẹ̀ mẹ́wàá ni ohùn náà dé. Ní èjì, ogún. Ní ẹ̀ta, ọgbọ̀n. Nígbà tí wọ́n fi dé ẹ̀fà, Àrìnpé ti wà ní ọgọ́ta ìṣísẹ̀, nídìí odán níbi tí onígbàjámọ̀ ti ń fá irùngbọ̀n Jagun.

"Bàbá Dúnmọ́lá, ó tó o! Ẹ jẹ́ kó mọ síbẹ̀!" ni Àrìnpé kígbe sí ọkọ rẹ̀.

"Ìyá Dúnmọ́lá, èje yóò dé àádọ́rin. Ṣáà fi mẹ́wàá kún un. Ìṣirò kì í parọ́."

"Ìṣirò kì í parọ́, àmọ́ gílóòbù yẹn ń wò mí bí ológbò tó rí ẹja."

Tísà yí i sí èje, ó sì ta okùn kan ṣoṣo.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, àwọn gílóòbù náà kò fi mẹ́wàá kún ohunkóhun. Wọ́n bú ramúramù. Tòlótòló Àrìnpé fò kúrò lórí ẹyin tó ń sàba lé, ó bà lé ewúrẹ́ lórí. Ewúrẹ́ já okùn, ó kọlu onígbàjámọ̀, ìdajì irùngbọ̀n Jagun sì bá abẹ lọ. Jagun, tí wọ́n torí ogun fi joyè, ti kó sínú ilé adìyẹ kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ibi tí ogun wà. Àwọn ọmọ ilé-ìwé rò pé aago ìparí ẹ̀kọ́ ló dún. Wọ́n tú ká, olùkọ́ wọn ló ṣíwájú. Páànù ilé ìdáná Baálẹ̀ já bọ́. Ìyá arúgbó kan tí kò gbọ́ràn láti ọdún mẹ́wàá sì yọjú lójú fèrèsé: "Ta ló ń pè mí?"

Kí eruku tó rọlẹ̀, Baálẹ̀ àti àwọn ìjòyè ti dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ Tísà. Wọ́n fún Baálẹ̀ ní àpótí, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n ńlá tí Àrìnpé ku ẹ̀lùbọ́ sí.

"Ẹ ka ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà fún mi."

"Tòlótòló, ọ̀kan," ni Àrìnpé bẹ̀rẹ̀. "Ewúrẹ́, méjì. Irùngbọ̀n, mẹ́ta."

"Ẹ má ka èmi o!" ni Jagun ké láti inú ilé adìyẹ.

"Jagun, mẹ́rin. Ilé-ìwé, márùn-ún. Páànù, mẹ́fà. Ìyá àgbà, méje."

Ìjòyè kan ní, "Etí tó là kì í ṣe aburú. Ẹ yọ ọ́ kúrò."

"Rárá," ni Tísà fúnra rẹ̀ dáhùn. "Ohun là ń kà, a kò ka aburú. Méje ni." Lójijì ni ojú rẹ̀ là. "Méje géérégé! Kò jù ú lọ! Ẹ̀rọ mi ṣì jẹ́ tèmi!"

Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé pé gìtá ṣì wà lọ́rùn òun, pé òun kò tíì pa ẹ̀rọ, pé bọ́tìnì ṣì wà ní èje. Ó ta okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, àpótí Baálẹ̀ ti ṣófo. Inú ọpọ́n ni Baálẹ̀ ti dìde, ẹ̀lùbọ́ láti orí dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Omi gbígbóná nìkan ló kù kí wọ́n fi rò ó.

"Tísà," ó rọra wí, "ka èmi náà mọ́ ọn."

Tísà wo ẹ̀rọ rẹ̀, ó wo ìwé rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá! Ṣùgbọ́n olùkọ́ ìṣirò kì í yí ìdáhùn.

"Mẹ́jọ ni, Bàbá."

Gbígbóná ni àwọn ìjòyè gbé ẹ̀rọ náà lọ sí ààfin.

Ẹ̀yin tí ẹ ní òwe náà ti wà ṣáájú iná mànàmáná, ẹ lọ ṣàlàyé fún Baálẹ̀ nígbà tó bá gbọn ẹ̀lùbọ́ etí rẹ̀ tán tó sì lè gbọ́ yín. Ní tèmi, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. A ti kà á.