Ilé Ìkọgọ́rùn-ún Tí Ẹnikẹ́ni Ò Gbé

Pọ́n-ùn méjì ni wọ́n ń ta ife tíì kan ní iwájú ọ́fíìsì kánsù ìlú Ockerby ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n Ìyá Enid Garbutt ò rà á. Ọ̀gbẹ́ni Nigel Prowse, ọ̀gá àwọn tó ń kọ́lé sórí pápá tí màlúù ń jẹ̀ tẹ́lẹ̀, ló ní kó má wulẹ̀ náwó, tíì wà níbi tí àwọn ń lọ.

Kánsẹ́lọ̀ ni Ìyá Enid. Kánsù ló rán an wá wò bóyá Nigel ń pa àdéhùn tó bá wọn ṣe mọ́: bí ènìyàn bá fi lè gbé ilé ọgọ́rùn-ún kí ogún ṣọ́ọ̀bù iṣẹ́ tí wọ́n ṣèlérí, níbi tí àwọn aládùúgbò á ti ríṣẹ́ ṣe, tó ṣí, wọn ò ní lè ta ilé kankan mọ́ àfi tí wọ́n bá ṣí àwọn ṣọ́ọ̀bù náà. Hazel, ọmọbìnrin Ìyá Enid, ń wakọ̀ wákàtí méjì lọ síbi iṣẹ́. Ọrùn Ìyá Enid ni àwọn ìbejì Hazel máa ń wà látàárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Nígbà tí wọ́n dé àárín àwọn ilé tuntun náà, Ìyá Enid wò yíká. "Ṣọ́ọ̀bù iṣẹ́ dà?"

"Ó ń bọ̀, Màmá."

"Ọdún kẹta rèé tó ti ń bọ̀. Ṣé ìgbín ló gùn ni?"

"Màmá, àdéhùn ni àdéhùn. Ilé mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún péré ni ènìyàn ń gbé. Tó bá di ọgọ́rùn-ún, ẹ wá mú mi."

"Èyí tó wà ní igun yẹn ńkọ́?"

"Ìyẹn? Ilé àfihàn ni. A kàn ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ kí oníbàárà lè rí bí ilé wa ṣe rí. Eku pàápàá ò gbé ibẹ̀."

"Wọ́n mà gbé garawa ìdọ̀tí rẹ̀ síta, bíi ti gbogbo aládùúgbò."

"Ọ̀ṣọ́ ni."

Ìyá Enid ṣí ìdérí. "Ó kún."

"A kì í ṣe ààbọ̀ iṣẹ́, Màmá."

"Ó ń rùn."

"Ẹ jẹ́ ká wọlé, òtútù ń mú."

Nigel ṣílẹ̀kùn. Ó bọ́ bàtà ẹrẹ̀, kò wo ilẹ̀ rárá, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bá kó sínú sílípáàsì onírun kan lẹ́nu ọ̀nà.

"Sílípáàsì yẹn ńkọ́?"

"Ọ̀ṣọ́ ni."

"Ó mà bá ẹsẹ̀ yín mu."

"Ẹni tó ṣe ọ̀ṣọ́ ọ̀hún mọṣẹ́ ni."

Àwọn ápù kan wà lórí tábìlì. Ìyá Enid fi ìka kan ọ̀kan, ó dún kó-kó. Ike ni.

"Èyí, mo gbà. Ọ̀ṣọ́ ni." Ó ṣí fíríìjì. Mílíìkì rèé, páì ẹlẹ́dẹ̀ rèé, ojú eyín sì wà lára páì. "Háà! Ọ̀ṣọ́ ti bu èyí jẹ."

Nigel ti po tíì, ó gbé ife kan fún Ìyá Enid. Ológbò kan sọ̀ kalẹ̀ láti yàrá òkè, ó fara nu Nigel lẹ́sẹ̀, ó lọgun.

"Màmá, ìyẹn náà..."

"Ebi ń pa ọ̀ṣọ́ yín."

Ìyá Enid yọ fóònù.

"Ta lẹ fẹ́ pè?"

"Ọlọ́pàá. Ẹ ní ẹnikẹ́ni ò gbé ibí. A jẹ́ pé olè ló ń wá sùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá lúgọ dè é."

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ má pè wọ́n!" Nigel bá jókòó wùyà. "Èmi ni. Glenys ìyàwó mi ló lé mi jáde, ọjọ́ kejì Kérésì."

"Kí lo ṣe fún un, ọmọ mi?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan."

"Kò sí nǹkan kan kẹ̀?"

"Ohun tó bí i nínú náà nìyẹn. Mo ní màá bá a tún ilé ìdáná kọ́. Ó ti pé ọdún mẹ́rin."

"Tó bá wá bi ọ́, kí lo máa ń sọ?"

Nigel wo ológbò, ó tún wo ilẹ̀. "Mo máa ń ní ó ń bọ̀."

Ìyá Enid rẹ́rìn-ín títí tíì fi dà sí i lára. "Glenys mà gbọ́n ju kánsù lọ o!"

"Màmá, ẹ fojú àánú wò mí. Ẹ ṣe bí ẹni tí ò rí mi."

"Mo káàánú ẹ, Nigel. Àmọ́ ìbejì méjì ń dúró dè mí nílé, ẹyọ kan ṣoṣo ni ìwọ."

Ó mu tíì rẹ̀ tán, ó dìde, ó ki pọ́n-ùn méjì bọ abẹ́ ife, torí kánsẹ́lọ̀ kì í mu tíì ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ kọ́lékọ́lé.

"Ẹ kú ilé tuntun o. Tiyín yìí ló sọ ọ́ di ọgọ́rùn-ún, á tura fún yín!"

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, kánsù ti ní kí wọ́n dáwọ́ ilé títà dúró. Ni ṣọ́ọ̀bù iṣẹ́ tó ń gun ìgbín bọ̀ bá gun ẹṣin. Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹsàn-án, aago mẹ́jọ àárọ̀, ogún ilẹ̀kùn ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Hazel fẹsẹ̀ rìn wọ ìkẹta, ó ti rí iṣẹ́ síbẹ̀. Ó ní kí ìyá òun máa retí òun láago márùn-ún, òun á wá kó àwọn ìbejì òun.

Nigel wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rìbọ́ọ̀nù tí wọ́n gé láti fi ṣí ibẹ̀, nínú kóòtù tuntun, ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ayé. Ẹnikẹ́ni ò fún un ní sísọ́ọ̀sì mú. Ìyá Enid rọra sún mọ́ ọn.

"Nigel, iṣẹ́ wo ni wọ́n tún gbé fún ọ báyìí?"

Nigel ò jẹ́ kí ẹ̀rín kúrò lẹ́nu.

"Ọ̀ṣọ́ ni mí, Màmá."